Alùpùpù Aláṣọ àti Alùpùpù Oníhòòhò

Ní sáà tí ó kọjá ni a rán wa lọ dánra wò nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Iléṣà ni ó kan àwa méjì, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni a ń sùn. Nǹkan bí máìlì 20 ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì, alùpùpù ni a sì ń gùn lọ tí a ń gùn bọ̀.

Honda C70 ni àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bàbá ọ̀kan nínú wa ni ó ni ti àkọ́kọ́, apata rọ́bà funfun tí ń bo ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì ṣì wà lára rẹ̀. Èkejì ni a yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan. Apata tirẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ẹ̀gbọ́n sì ti tú u dànù, tó bẹ́ẹ̀ tí irin àti wáyà rẹ̀ fi yọ síta bí egungun ìhà. Aláṣọ ni a ń pe ti ìṣáájú, Oníhòòhò ni a ń pe èkejì, a sì ń pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé a rẹ́ òun jẹ.

Òjò oṣù kẹsàn-án ni ó kọ́kọ́ dá ẹjọ́ wọn. Ẹni tí ó gun Oníhòòhò dé ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè tán nínú àkùrọ̀. Ní ti ẹnì kejì, ìlà tí áyọ́ọ̀nù tẹ̀ sí ṣòkòtò rẹ̀ kò tilẹ̀ parẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin wo ẹsẹ̀ olùkọ́ wọn, wọ́n wo pátákó, wọ́n tún wo ẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni ó sì fẹ́ kọ́ wọn ní òwúrọ̀ náà! Olùyẹ̀wò tí ó jókòó lẹ́yìn kò fọhùn; ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti dé. Ẹni tí ó bá kan Oníhòòhò a máa wá àwáwí. Orí ń fọ́ ọ, tàbí kí ó ní àná kọ́ ni òun gùn ún. A fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀tá ara wa nítorí rọ́bà.

A tilẹ̀ wá ìwé kà lórí ọ̀ràn náà. Ní 1958 tí Honda gbé irú alùpùpù yìí, Super Cub, jáde ní ilẹ̀ Jàpáànì, wọ́n ti ro ti ẹni tí ń fi ọwọ́ kan gbé oúnjẹ kiri, wọ́n sì fi rọ́bà ṣe apata rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ní 1976, BMW ti Jámánì gbé R100RS jáde, aṣọ bò ó níwájú pátápátá, nígbà tí R100/7, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi bákan náà, wà ní ìhòòhò. Ṣùgbọ́n nínú eré ìje àgbáyé, láti 1958 ni òfin ti de aṣọ tí ó bo táyà iwájú mọ́lẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ a máa tì í kúrò lójú ọ̀nà.

Ìwé kò parí ìjà wa. Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń gun òkè kan létí Iléṣà, Aláṣọ bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbóná, ó sì kú. A kò ní sípánà tí a lè fi tú apata rẹ̀. Ẹni tí ó gun Oníhòòhò ṣáájú lọ, ó sì kọ́ kíláàsì tirẹ̀ àti ti ẹnì kejì pọ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Mẹkáníìkì kan lóṣòó ti Aláṣọ bí Òṣómàáló tí ń dúró de owó aṣọ. Nígbà tí ó ṣí apata náà, ẹrẹ̀ gbígbẹ àti ewé ti dí gbogbo ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ kò ráàyè kàn án mọ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, iwájú nìkan ni ẹ ń fọ̀. Èyí tí kò láṣọ yẹn, ojú yín ni ó ń ṣọ́ ọ.”

Òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí a bá rí owó, aláṣọ ni a óò rà, nítorí ojú àwọn ọmọ náà kò tí ì kúrò lọ́kàn wa. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ń tú apata wò báyìí, ẹni tí ó bá sì kan Oníhòòhò a fi ọ̀rá di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó yá wa ti gbọ́, ó sì ń béèrè iye tí wọ́n ń ta apata tuntun. A kò tí ì dá a lóhùn.