Alùpùpù Ńlá Kan ní Dọ̀pẹ̀mú

Ẹ̀yin aya àti abiyamọ, bí ẹ bá ti gba abẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú kọjá rí ní agogo 7 òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ ó jẹ́rìí mi pé ariwo ibẹ̀ kò kéré. Àwọn kan ń bọ̀ láti Agége, àwọn mìíràn ń lọ sí Akówónjò. Àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè, àwọn agbèrò ń pe Ìyànà-Ìpájà, àwọn oníbúrẹ́dì sì ń gba àárín wọn kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, kí ojúmọ́ tó mọ́ kedere, ibẹ̀ a máa pa rọ́rọ́. Ìgbà náà ni mo máa ń gbé alùpùpù mi jáde.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya àwọn kan nínú yín pé olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, ìyá ọmọ méjì, ń gun alùpùpù. Ìyá mi ni mo fi jọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Honda kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní lédíìsì ni wọ́n sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta.

Tèmi yàtọ̀. Harley-Davidson Roadster ni, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ń lọ sí òkè òkun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1202 sísì, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí ẹ ń rí kò ju 100 sí 150 lọ. Ó sì wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì 5 lọ.

Sílíńdà 2 ni ó ní, wọ́n yà síra wọn bí ìka méjì tí ìdí wọn jẹ́ ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ náà, tí a dá sílẹ̀ ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà ní 1903, kọ́kọ́ ṣe irú ẹ́ńjìnnì báyìí ní 1909. Ìlù rẹ̀ kì í ṣe déédéé. Ẹ rántí obìnrin méjì tí ń gún iyán nínú odó kan, tí ọmọ odó èkejì ń yára tẹ̀ lé ti èkíní, tí wọ́n á sì tún dánu dúró díẹ̀: bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohùn rẹ̀. Kò ní omi ìtutù bíi ti mọ́tò; atẹ́gùn ojú ọ̀nà ni ó ń tù ú lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé ohun ọkùnrin ni. Bessie Stringfield, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 1993, dá nìkan fi alùpùpù la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já léraléra láti àwọn ọdún 1930. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó fi í jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn ológun. Ní Èkó níhìn-ín pẹ̀lú, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń gun alùpùpù ńlá wà, D'Angels ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, mo mú ìwé ìnáwó ilé wa, mo kọ ọ́ sílẹ̀: táyà tuntun 2, ọ́ìlì, ìwé àṣẹ awakọ̀ ti alùpùpù, ìwé adójútòfò, akoto tí ó dára, ìbọ̀wọ́, bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀. Oṣù 8 ni mo fi tọ́jú owó náà pamọ́, láìfọwọ́ kan owó oúnjẹ tàbí ti ilé ìwé. Mo rò pé mo ti ro gbogbo rẹ̀ tán.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo gba Ìyànà-Ìpájà àti Abúlé-Ẹ̀gbá jáde, mo kọjá Sàngó-Ọ̀tà. Mo rọra fara balẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Wọ́n yí alùpùpù náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Níbo lo máa ń gbé e sí tí o bá délé?" Mo rò pé olè ni wọ́n ń bẹ̀rù. Mo dáhùn pé, "Ẹ má fòyà, mà. Mo máa ń fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é." Wọn kò sọ nǹkan mìíràn.

Nígbà tí mo ń padà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú mi láti Ìyànà-Ìpájà. Ọ̀nà ọkọ̀ BRT ṣófo láàárín, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Atẹ́gùn kò fẹ́, ẹ́ńjìnnì sì gbóná bí ààrò. Mo dé ilé ní àlàáfíà, mo pa á, mo ṣí akoto, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 3, ti sáré wá dì mọ́ mi nìyẹn, ojúgun rẹ̀ sì kan sàlẹ́ńsà.

N kò lè gbàgbé igbe náà. Aládùúgbò kan gbé ẹyin wá, èkejì gbé ọṣẹ ìfọyín. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, síbẹ̀ ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Baálé mi ni ó gbé ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, bí iná bá jó ọmọ, ì báà ṣe ti sàlẹ́ńsà tàbí ti ìkòkò, omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe omi dídì. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ má bẹ́ ibi tí ó bá lé ròrò. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ojú egbò náà ti san. Nígbà tí mo ń wẹ ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo wo ẹsẹ̀ tèmi, tí mo rí àpá kékeré kan tí mo ti mọ̀ láti èwe láìbéèrè ohun tí ó fà á. Ìgbà náà ni ìbéèrè ìyá mi yé mi.

Mo ṣì ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ni ó ń gbé báyìí, a fi ọgbà igi yí i ká, ilẹ̀kùn ọgbà náà sì ní àgádágodo. Ẹnikẹ́ni kì í sún mọ́ ọn fún wákàtí kan lẹ́yìn tí mo bá pa á. Èmi ni mo ń lọ bá àwọn ọmọ nínú ilé. Ewu ojú ọ̀nà ni mo fi oṣù 8 múra sílẹ̀ fún. Àgbàlá ni ewu ti bá wa. Bí ọkọ yín bá fẹ́ ra irú rẹ̀, tàbí ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè iye owó rẹ̀. Ẹ bèèrè ibi tí yóò máa dúró sí. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.