Ìbọn Tí Ará Àdúgbò Kò Mọ̀

Fún ọdún 19 ni bàbá mi fi ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì nínú ilé, ìyá mi nìkan ló sì mọ ibi tí ó ń gbé e sí. Èmi àrẹ̀mọ gan-an, ọjọ́ tí ó ní kí n sin òun lọ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ di ọ̀tun lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ni mo tó mọ̀. Mo rò pé ojo ni. Ìbọn tí olè kò mọ̀ pé ènìyàn ní, báwo ni yóò ṣe bà á lẹ́rù?

Iṣẹ́ ìròyìn ló là mí lójú. Nígbà tí mo ń kọ ìròyìn ilé-ẹjọ́, mo jókòó ti ẹjọ́ àgbẹ̀ kan tí ó yìnbọn pa ọkùnrin tó já wọlé rẹ̀ lóru. Gbogbo àwa oníròyìn ti gbà pé yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́, àfi ìgbà tí agbẹjọ́rò ìjọba pe ìyá ẹlẹ́mu tí ọkùnrin náà máa ń mu lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò purọ́ rárá. Ó ní ó ti lé lóṣù méjì tí olùjẹ́jọ́ ti ń lérí pé ẹni tó bá dán òun wò, òun yóò fi ìbọn tú ìfun rẹ̀. Ẹyin lohùn. Ẹ̀wọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà já sí.

Lóòótọ́, abala 33 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún wa láyè láti gbèjà ara wa, ṣùgbọ́n pẹ̀lú agbára tí kò ju bó ti yẹ lọ. Òru là ń lò ó. Ọ̀sán ni adájọ́ ń wọ̀n ọ́n. Àgbẹ̀ kan ní Adamawa gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó kọlù ú lóko, ó sì fi pa á. Lọ́dún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú rẹ̀, kí gómìnà tó padà dárí jì í. Abala 35 tún fún ẹni tí wọ́n bá mú láyè láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń lò ó. Ìbẹ̀rù a máa mú ènìyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò mi ní kí a fi ìbọn náà síbi tó wà, ṣebí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ olóògbé ló wà lórí ìwé àṣẹ, a kì í sì í jogún àṣẹ. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò ní àṣẹ mọ́ lọ́wọ́, owó ìtanràn ₦20,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni, tàbí méjèèjì. Èmi àti agbẹjọ́rò wa gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a sì gba ìwé ẹ̀rí.

A délé tán ni ìyá mi rọra ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, tí ó kó ọta mẹ́rin jáde. Ó ní a kò béèrè lọ́wọ́ òun.