Ohun Tí Agbádá Bò Mọ́lẹ̀

Odindi ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó tọ̀ bí obìnrin. Bí mo bá dúró, ìtọ̀ kì í jáde tààrà. Abẹ́ ọ̀rá ikùn mi ló máa kọ́kọ́ dà sí, á wá máa kán tó-tó-tó sára ṣòkòtò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú ṣòkòtò kejì sábẹ́ ìjókòó mọ́tò mi.

Sìmẹ́ǹtì ni mo ń tà n'Íbàdàn. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, orí àga ni mo máa ń wà, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń gbẹ́rù. Àmàlà lọ́sàn-án, àmàlà lálẹ́, mọ́ọ̀tì tútù láàárín méjèèjì. Bí ikùn mi ṣe ń yọ ni àwọn èèyàn ń kí mi: "Ọ̀gá, owó ti ń hàn lára yín o!" Inú mi a sì dùn. Mi ò mọ̀ pé ọlá tí wọ́n ń kí mi fún náà ló ń gbé okó mi mì.

Yíyún ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá pọ́n, ó wá ń rùn. Mo rò pé àtọ̀sí ni, bẹ́ẹ̀ mi ò lọ síta. Wọ́n fún mi ní ìpara ní kẹ́mísì. Bó bá lọ lọ́sẹ̀ yìí, á padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, okó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo sì fi nǹkan bí ọdún kan mu àgbo inú ṣìnáàpù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní awọ tó ṣẹ́ kù nígbà ìdábẹ́ ló ń bò ó. Ẹ wo ọkùnrin ẹni ọdún 49 tó ń wá olóòlà kiri! A ti dá ọjọ́ pàápàá.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyàwó mi. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, màá dá ìjà sílẹ̀, kó má baà súnmọ́ mi. Ó fara dà á títí, kó tó sọ lóru ọjọ́ kan pé: "Bàbá Ìbejì, ká ní ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ni, ṣé ẹ ò bá ti lọ sọ́síbítù?"

Mo lọ. Ọmọdébìnrin kan ni dókítà tí mo bá, mo bá ní inú ló ń run mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa irọ́ yẹn kí n tó jẹ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ̀n mí: kílò 138, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.71. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi láìtíì jẹun jẹ́ 214. Tó bá ti tó 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà inú ìtọ̀, òógùn àti ooru abẹ́ ọ̀rá, ibẹ̀ ni kòkòrò tó jọ èyí tó ń mú búrẹ́dì wú ti ń rí ilé gbé.

Ó fà mí lé dókítà ìtọ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn fi ọwọ́ méjèèjì tẹ abẹ́ ikùn mi wọlé, ó ní okó mi ò kúrú rárá. Ọ̀rá ló wó lé e lórí. Awọ tó ń bó tó ń jinná, tó tún ń bó, ti wá di àpá, ó fún mọ́ ọn lẹ́nu bí okùn ṣòkòtò. Ó ní ká ní olóòlà ti gé e ni, awọ tí a máa nílò ni ì bá gé sọnù. Ó mú díẹ̀ lára awọ náà lọ fún àyẹ̀wò, torí irú egbò bẹ́ẹ̀ lè di jẹjẹrẹ tó bá pẹ́. Mi ò sùn títí èsì fi dé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Oògùn ṣúgà, ìpara fún àpá, kí n máa wẹ ibẹ̀ kí n sì nù ún gbẹ, kí n dín oúnjẹ kù, kí n máa rìn. Oṣù 20 ni mo fi dé kílò 104. Mo ti rò pé tí mo bá ti fọn, yóò yọ fúnra rẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀rá lọ, àpá ò lọ, awọ ikùn tó ti rọ̀ wá tún ṣubú bò ó.

Iṣẹ́ abẹ ló kù. Mo ta mọ́tò kan. Wọ́n gé ìdì ọ̀rá òkè rẹ̀ kúrò, wọ́n bó awọ tó ti bàjẹ́, wọ́n wá ha awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan mi fi bò ó. Itan yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ abẹ náà.

Mo ti ń dúró tọ̀ báyìí. Ìwọ tí ṣòkòtò kejì wà lábẹ́ ìjókòó mọ́tò rẹ, wá dókítà ìtọ̀ lọ. Má sọ fún un pé inú ló ń run ọ́.