Ta ni yóò ṣọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n?

Irẹ́pọ̀dùn lorúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó fi Ìlobùú ṣe olú-ìlú, ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ ò jẹ́ kí ìrẹ́pọ̀ dùn láàárín wọn àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tó múlé tì wọ́n. Lọ́dún 2025, àfìgbà tí Gómìnà Adélékè kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn kan ní ká dá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ padà, èyí tí ìjọba ológun tó dé ní 1966 fòpin sí. Òótọ́ ni, wọ́n mọ tilé toko, àmọ́ àwọn olóṣèlú ìgbà yẹn ń fi wọ́n han alátakò léèmọ̀. Bí ọmọ Ìlobùú bá wá di ọ̀gá wọn, ṣé Ìfọ́n á gbà pé kò ní ṣègbè? Ẹni tó máa ṣọ́ ìlú méjì, àfi kí méjèèjì fọwọ́ sí i.