Àwọn Asìnkú Inú Ara Wa

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ òkú ni mo gbé dé. Kì í ṣe òkú ìta o. Èyí tó ń kú nínú ara wa ni. Bí ẹ ti jókòó yìí, bíi 2,000,000 sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń dágbére fún ayé nínú ara yín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láìsí pósí, láìsí ìlù. Ta ló ń sin wọ́n?

Inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí. Àbúrò mi obìnrin bí ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí dókítà ń pè ní SS. Ẹyinjú ọmọ náà a máa pọ́n bí èso ìyeyè. Màmá wa ní ibà pọ́njú ni, wọ́n sì ti ń wá egbòogi.

“Ẹ ṣe sùúrù, Màmá,” ni mo wí. “Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, ibà kọ́.”

“Kí ló wá kan ojú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀?”

Ìbéèrè gidi! Mo bá jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí òkú jíjẹ jẹ́ iṣẹ́ wọn. Macrophage ni orúkọ wọn, ìyẹn “ajẹun ńlá” ní èdè Gíríìkì. Wọ́n pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ọlọ inú, lábẹ́ egungun ìhà òsì. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ẹni tó ń kú mọ̀? Awọ sẹ́ẹ̀lì dà bí aṣọ olójú méjì. Ọ̀rá kan wà tí kì í kúrò lójú inú níwọ̀n ìgbà tí ara sẹ́ẹ̀lì bá dá. Bí ikú bá dé, ọ̀rá yìí á yọ síta, bí ìgbà tí èèyàn wọ bùbá sódì. Macrophage tó bá fọwọ́ kàn án, kàló, ó gbé e mì. Sẹ́ẹ̀lì tó yè náà ní àmì tirẹ̀, CD47, tó ń wí pé, “Ẹ má jẹ mí o!” Ó jọ rìsíìtì owó-orí tí àwọn bàbá wa máa ń fi han akódà láyé òyìnbó.

Wọn kì í pariwo. Òkú tí a gbé mì kó tó bẹ́ kì í da ìdọ̀tí sílẹ̀, ara kì í wú. Bí wọn kò bá rí i gbé mì lásìkò, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Ó wà lára ohun tí wọ́n rí nínú àìsàn lupus.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa ń lo bíi 120 ọjọ́. Ti ọmọ SS, 10 sí 20 ọjọ́ péré! Òkú wá pọ̀ ju asìnkú lọ. Ara á kó irin inú òkú náà fi ṣe tuntun. Àjẹkù rẹ̀ ló ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀dọ̀ ló sì ń dà á nù. Bó bá pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ, á yọ lójú.

“Àṣé òkú ni mo ń wò lójú ọmọ yìí!” Màmá dákẹ́ títí.

Èyí tó léwu jù ni pé sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bí dòjé lè há sínú ọlọ inú. Á wú láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára ọmọ, ó sì lè pa á lọ́jọ́ náà. Ní Jàmáíkà, wọ́n kọ́ àwọn ìyá láti máa fọwọ́ wá a níkùn ọmọ wọn, kí wọ́n lè tètè sáré dé ilé ìwòsàn. Ikú dín kù. Nọ́ọ̀sì kọ́ àbúrò mi náà. Bí ọmọ SS sì ti ń dàgbà, ọlọ inú yìí sábà máa ń kú fúnra rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á wọ́n lójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọmọ fi ń lo pẹnisílínì lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ pé bí ara rẹ̀ bá gbóná pẹ́nrẹ́n, ilé ìwòsàn ló kàn.

Màmá ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ àbúrò mi báyìí. Kí wọ́n tó wẹ̀ fún ọmọ láàárọ̀, wọ́n á fi ìka tẹ abẹ́ ìhà òsì rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín pé ó ń rìn ún.

“Kò wú,” wọ́n á wí. “Gbé oògùn rẹ̀ wá.”