Ẹ dín afẹ́fẹ́ taya kù kí ẹ tó wọ iyanrìn

Ẹ̀yin èèyàn wa ní JVC (Jumeirah Village Circle) ní Dubai tí ẹ ń múra láti wa jíìpù lọ sórí iyanrìn Al Badayer ní Sharjah lópin ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dín afẹ́fẹ́ taya yín kù. Nǹkan bíi 35 PSI dára lórí títì, ṣùgbọ́n lórí iyanrìn, ṣe ni taya yóò máa gbẹ́lẹ̀ bí ọkọ́. Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí bíi 15 sí 18. Taya á tẹ́, ojú rẹ̀ tó kan ilẹ̀ á gùn sí i (gígùn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, ó ju fífẹ̀ lọ), ẹrù ọkọ̀ á sì pín.

Gígùn ojú tó kan ilẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ará Kánádà ń rò tí wọ́n bá fẹ́ ra ọkọ̀ orí yìnyín. Bẹ́líìtì gígùn lábẹ́ ọkọ̀ náà, ínǹṣì 154 tàbí jù bẹ́ẹ̀, wà fún yìnyín jíjìn tó rọ̀. Fún pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí yìnyín ti le, bíi 120 sí 129 ti tó, ó sì rọrùn láti fi yí kọ́nà.

Tí ẹ bá padà dé títì, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún taya kí ẹ tó sáré. Taya tó tẹ́ máa ń gbóná lórí ọ̀dà, ó sì lè bẹ́. Ẹ mú gééjì àti pọ́ǹpù dání.