Bàbá Kékeré Ti Lọ sí Kàdúná

Irọ́ tí mo pa kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Obìnrin kan pè mí láti ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ìwádìí oògùn kan tí mo fẹ́ kópa nínú rẹ̀, ó béèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí mi tó ti ní àrùn ọpọlọ rí, irú èyí tí èèyàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Mo ní rárá. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún kẹfà rèé tí ìsoríkọ́ ti ń bá mi fínra. Nọ́ọ̀sì ni mí, mò ń pín oògùn fáwọn ẹlòmíì, àmọ́ oríṣi mẹ́ta tí èmi fúnra mi ti lò, pàbó ló já sí. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ nípa psilocybin, èròjà inú àwọn olú kan tí òfin Gẹ̀ẹ́sì kà mọ́ oògùn olóró. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 kó èèyàn 233 jọ, àwọn tí oògùn ìsoríkọ́ kò ràn bíi tèmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara àwọn tó gba mílígíráàmù 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fúyẹ́ ju ti àwọn tó gba 1 lọ. Kò ṣàì sí àwọn tí èrò àtipara-ẹni wá sí lọ́kàn, n kò ní fi ìyẹn pamọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó ló fà mí jù. Orí bẹ́ẹ̀dì lèèyàn ń dùbúlẹ̀ sí, aṣọ bo ojú rẹ̀, orin ń dún sí i létí, olùtọ́jú méjì á sì jókòó tì í fún bíi wákàtí mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà! Dókítà àdúgbò wa kì í gbọ́ tèmi ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo sì fẹ́ kí wọ́n ka àwa aláwọ̀ dúdú mọ́ ọn: nínú èèyàn 282 tó kópa nínú irú ìwádìí báyìí láàárín 1993 sí 2017, ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ aláwọ̀ funfun.

Àmọ́ Bàbá Kékeré ńkọ́, àbúrò bàbá mi? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo tẹ̀ lé màmá mi gbé oúnjẹ lọ. Ṣẹkẹṣẹkẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi àkísà wé ibi tó ti bó o lára. Àgbo asofẹ́yẹjẹ ti mú oorun kùn ún. Ó lajú, ó pè mí lórúkọ, ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Nígbà tí a ń bọ̀, màmá mi ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, Bàbá Kékeré ti lọ sí Kàdúná.

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ẹni, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí: ṣé kò sí wèrè nílé wọn? Kàdúná yẹn ló gbé èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì délé ọkọ.

Obìnrin orí fóònù kò wá ìyàwó. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé psilocybin lè jí irú àrùn ọpọlọ yẹn lára ẹni tó bá ti wà nínú ìdílé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ irú wa kúrò. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó parọ́. Ká ní nǹkan ṣe mí nínú yàrá yẹn, àwọn méjì tó jókòó tì mí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn irọ́ yẹn, mo pe obìnrin náà padà láti inú mọ́tò mi níwájú ibi iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní àbúrò bàbá kan." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní wọn ò ní lè gbà mí. Kò bá mi wí rárá. Mo sunkún títí mo fi pẹ́ẹ́ wọlé.

Oògùn kẹrin ni mò ń lò báyìí, ó sàn díẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré fún ọkọ mi, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún tí a ti ń gbé pọ̀. N ò tíì sọ fún ìyá rẹ̀.